Ṣé lóòótọ́ ni wọ́ṣì eyín ń mú eyín mì?

Ẹ sọ fún ẹni tí èrìgì ẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ pé kó lọ wọ́ṣì eyín lọ́sibítù, ìyẹn kí wọ́n bá a fi mẹ́síìnì yọ ìdọ̀tí líle kúrò lára eyín, ẹ máa gbọ́ "Ha, ṣé ẹ fẹ́ kí eyín mi máa mì ni?" Á wá sọ̀rọ̀ àǹtí kan tó lọ ṣe é, tó délé tán tí eyín ẹ̀ ń mì, tí omi tútù sì ń ta á. Àǹtí yẹn ò parọ́ o, ó ṣẹlẹ̀ sí i lóòótọ́. Ibi tí wọ́n di ẹ̀bi ẹ̀ rù ni ò dáa.

Ìdọ̀tí rírọ̀ kan máa ń lẹ̀ mọ́ eyín lójoojúmọ́, ìyẹn rọrùn, búrọ́ọ̀ṣì tàbí pákò lè kó o kúrò. Àmọ́ tó bá lo ọjọ́ mélòó kan níbẹ̀, kálísíọ́mù inú itọ́ á sọ ọ́ di líle, á gan mọ́ eyín pinpin. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń pọ̀ lẹ́yìn eyín iwájú ti ìsàlẹ̀, torí abẹ́ ahọ́n níbẹ̀ ni itọ́ ti ń sun jáde, ẹ fi ahọ́n kàn án wò, tó bá rí págunpàgun, òun nìyẹn. Orín àtà ò lè yọ ọ́ mọ́, pákò ìjẹ̀bú ò lè yọ ọ́, ká má tiẹ̀ sọ ti ẹ̀dú àti yanrìn táwọn kan fi ń gbo eyín, ìyẹn á kàn ha ara eyín jẹ ni jàre.

Ìdọ̀tí líle yìí ló ń jẹ́ kí èrìgì wú kó máa ṣẹ̀jẹ̀, tó bá wá pẹ́, èrìgì á máa sún sẹ́yìn, eegun tó di eyín mú á máa jẹ lọ díẹ̀díẹ̀, kò sì ní dun èèyàn, ibẹ̀ gan-an ló ti burú. Amusìgá ò tiẹ̀ ní rí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, á rò pé kò sí wàhálà. Nígbà tó bá fi máa tó ọdún mélòó kan, eyín ti tú nídìí, ìdọ̀tí líle tó há sáàárín wọn ló kù tó ń gbé wọn ró, bí ògiri tó fẹ́ wó tí wọ́n kó yanrìn tì. Ẹni tó bá wá kó yanrìn ni wọ́n á ní ó wó ògiri.

Ti omi tútù tó ń ta eyín yẹn, gbòǹgbò tí ìdọ̀tí bò mọ́lẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ síta, eyín á kan fúngbà díẹ̀, á sì máa rọlẹ̀. Mẹ́síìnì tí wọ́n fi ń wọ́ṣì eyín ń pariwo lóòótọ́ o, ṣùgbọ́n gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n tí omi ń tú lẹ́nu ẹ̀, kì í dá eyín lu.

Àwọn míì tún máa ń pa búrọ́ọ̀ṣì tì tí wọ́n bá ti rí ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yẹn gan-an ló ní kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́, búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride (èròjà tó ń dáàbò bo eyín), ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ti alẹ́ ò gbọ́dọ̀ yẹ̀.

Tí eyín bá ti ń mì kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ tètè sọ fún dókítà eléyín, kó ya X-ray kó tó fọwọ́ kàn án, kó sọ èyí tó ṣì lè dúró. Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà ni kò yẹ kó fi falẹ̀ rárá, torí èrìgì ẹ̀ ń yára bà jẹ́ ju tẹlòmíì lọ, tí èrìgì bá sì ti bà jẹ́, ṣúgà ara ẹ̀ náà á tún ṣòro láti kápá.