Bí Eré Terraforming Mars Ṣe Ń Lọ Nígbà Tí Ìdílé Bá Jọ Ta Á

Pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì tutù rinrin, ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò sì ṣeé mí: bí ìdá 95 nínú 100 rẹ̀ ló jẹ́ kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì. Nínú eré Terraforming Mars, àwọn tó jókòó yí tábìlì ká ń darí ilé-iṣẹ́ ńlá ńlá, iṣẹ́ tí wọ́n sì gbà ni láti tún Máàsì ṣe títí ènìyàn á fi lè gbé ibẹ̀. Jacob Fryxelius ló ṣe eré náà. FryxGames, ilé-iṣẹ́ tí òun àtàwọn arákùnrin rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Swídìn, ló gbé e jáde lọ́dún 2016. Lọ́dún 2017, ó gba ipò kìíní nínú Deutscher Spiele Preis ní Jámánì. Ẹnì kan sí márùn-ún ló lè ta á. Ara páálí rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ọmọ ọdún 12 sókè ló wà fún, àti pé wákàtí méjì ló ń gbà. Ti ọdún 12 yẹn ṣeé gbà gbọ́. Ti wákàtí méjì, ó di ìgbà tí gbogbo ilé bá ti mọ̀ ọ́n ta dáadáa.

Ohun tó mú un yàtọ̀ sí eré tí wọ́n ti ń ja ogun gba ilẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń lé ẹnikẹ́ni kúrò lórí pátákó. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Èrè ibẹ̀ ni wọ́n ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Nǹkan mẹ́ta ló wà láti parí. Ìwọ̀n ìgbóná bẹ̀rẹ̀ láti dígírí −30, ó sì gbọ́dọ̀ dé +8. Méjì méjì ló ń gùn, nítorí náà ìgbésẹ̀ 19 ni. Ọ́síjìn bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ó gbọ́dọ̀ dé ìdá 14 nínú 100 (ti ayé níbí jẹ́ bíi 21), ìgbésẹ̀ 14 nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni òkun 9 tí wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ́ sórí ilẹ̀. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìgbésẹ̀ 42 ni. Ìran ni wọ́n ń pe ìpele kọ̀ọ̀kan tí eré ń gbà lọ, ìran tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sì pé nínú rẹ̀ ni ìran ìkẹyìn. Bí kì í bá ṣe ẹnì kan ṣoṣo ló ń ta á, kò sí iye ìran tí òfin dá lé e. Àwọn tó ń ta á ló ń pinnu ìgbà tí yóò parí, yálà wọ́n mọ̀ pé àwọn ń pinnu rẹ̀ tàbí wọn kò mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n eré yìí pọ̀ sí jù.

Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí sókè, àmì tirẹ̀ á sún síwájú lẹ́ẹ̀kan lórí ìlà tó yí pátákó ká. TR (Terraform Rating, ìwọ̀n iṣẹ́ tí ẹnì kan ti ṣe láti tún Máàsì ṣe) ni wọ́n ń pe ìlà yìí, orí 20 sì ni gbogbo wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni TR ń ṣe. Ní ìparí ìran kọ̀ọ̀kan, iye tó bá wà ni owó tí ẹni náà ń gbà. Nígbà tí eré bá parí, iye yẹn kan náà ló di máàkì. Ẹ wo ohun tí èyí ń fà. Ẹni kan san owó 14 láti ju àpáta òfuurufú lu Máàsì, ìgbóná sì gòkè lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ṣe é ní ìran kìíní nínú eré tó gba ìran 11, TR kan yẹn á ti mú bí owó 10 tó ṣeé ná wá fún un kí eré tó parí, máàkì kan á sì tún wà nílẹ̀. Bó bá ṣe é ní ìran kẹwàá, owó kan péré ló ṣeé ná, àti máàkì kan. Iye kan náà ni wọ́n san. Ṣùgbọ́n owó 14 ní ìran kìíní tún lè ra káàdì tí yóò máa mú owó 2 tàbí 3 wọlé ní ìran kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ẹyọ kan. Láàárín ọ̀nà méjì yìí ni gbogbo eré náà wà.

Ìran kọ̀ọ̀kan ń lọ báyìí. Ẹni tó ń ṣáájú á yí padà, àǹfààní yẹn á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó kàn. Kálukú á mú káàdì mẹ́rin, á yan èyí tó bá wù ú, á san owó 3 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ mú dání, á da ìyókù nù. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀: nígbà tó bá kan ènìyàn, ó lè ṣe nǹkan kan tàbí méjì, lẹ́yìn èyí á kan ẹlòmíràn, wọ́n á sì máa yí i bẹ́ẹ̀ títí gbogbo wọn á fi yọwọ́. Ẹni tó bá ti yọwọ́ kò tún lè padà sínú ìran yẹn mọ́. Ìgbà tí gbogbo wọn bá ti yọwọ́ ni ìpèsè tó ń bọ̀.

Ìpèsè yìí ló máa ń dàrú mọ́ àwọn tuntun lójú. Páálí pẹlẹbẹ kan wà níwájú kálukú tó ní àyè mẹ́fà: owó, irin, títáníọ́mù, ewéko, agbára iná àti ooru. Ní àyè kọ̀ọ̀kan, nǹkan méjì ni wọ́n ń kà, èkíní ni iye tó ń wọlé ní ìran kọ̀ọ̀kan, èkejì ni iye tó wà nílẹ̀ báyìí. Kúúbù aláwọ̀ idẹ dúró fún 1, ti fàdákà fún 5, ti wúrà fún 10. Kí wọ́n tó pín ohunkóhun, gbogbo agbára iná tó ṣẹ́ kù á di ooru. Ká ní TR ẹnì kan jẹ́ 23, ìpèsè owó rẹ̀ jẹ́ 4, ìpèsè agbára iná jẹ́ 2, ti ooru jẹ́ 3, tí kò sì lo agbára iná méjì tó ní. Méjì yẹn á lọ sínú ooru, ooru 3 mìíràn á wọlé, agbára iná tuntun 2 á wá, owó 27 á sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ooru 5 ló rí lẹ́ẹ̀kan. Bí 3 bá ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó di 8, ooru 8 sì ni wọ́n ń fi gbé ìgbóná Máàsì sókè lẹ́ẹ̀kan láìsan kọ́bọ̀. Páálí yìí ń yọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe rí. Ìgbọ̀nwọ́ kan tó bá kan tábìlì, kúúbù gbogbo ti kúrò láyè wọn, àríyànjiyàn á sì bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tí irin rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta àtẹni tí tirẹ̀ jẹ́ méjì. Àwọn tó ń ta á lemọ́lemọ́ máa ń ra àtẹ oníhò tí kúúbù ń jókòó sínú rẹ̀, owó wọn kò sì ṣòfò.

Irin àti títáníọ́mù kò díjú. Ẹyọ irin kan dúró fún owó 2 lórí káàdì tó bá ní àmì ilé kíkọ́, ẹyọ títáníọ́mù kan dúró fún owó 3 lórí èyí tó ní àmì òfuurufú. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò níbòmíràn.

Ewéko ló ń mú pátákó dùn ún wò. Ewéko 8 ló ń di igbó kan. Ẹni tó gbin ín á fi páálí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ohun tó ti ní nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ bí àyè bá wà níbẹ̀, ọ́síjìn á sì gòkè lẹ́ẹ̀kan. Igbó kọ̀ọ̀kan jẹ́ máàkì kan. Ìlú ń gba máàkì kan lórí gbogbo igbó tó bá kàn án, igbó ta ni kó jẹ́, ṣùgbọ́n ìlú méjì kò gbọ́dọ̀ fara kan ara wọn. Páálí tí wọ́n bá fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun ń mú owó 2 wá lórí òkun kọ̀ọ̀kan tó bá kàn. Nítorí náà, bí màmá bá kọ́ ìlú síbì kan, tí ọmọ rẹ̀ kò sì ní ibòmíràn tó dáa láti gbin igbó sí ju ẹ̀gbẹ́ ìlú náà lọ, ó ń ṣiṣẹ́ fún màmá nìyẹn, ó sì mọ̀.

Ibi tó dára jù nínú ètò yìí ni bí ohun kan ṣe ń ti ohun mìíràn. Lórí ìlà ọ́síjìn, ẹni tó bá gbé e dé 8 á rí ìgbésẹ̀ ìgbóná kan gbà lófẹ̀ẹ́. Lórí ìlà ìgbóná, ẹni tó bá gbé e dé òdo á rí òkun kan tẹ́ lófẹ̀ẹ́. Ká ní ọ́síjìn wà ní 7, ìgbóná wà ní −2. Ẹni tó bá gbin igbó kan báyìí, ọ́síjìn dé 8, TR kan. Ọ́síjìn ti ìgbóná dé òdo, TR kejì. Ìgbóná mú òkun wá, TR kẹta, pẹ̀lú ohunkóhun tí wọ́n bá yà sí ojú ilẹ̀ tí òkun yẹn bọ́ sí. Igbó fúnra rẹ̀ tún jẹ́ máàkì kan. Ewéko 8 péré ló ná. Nígbà tí tábìlì bá ti rí i pé ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ, gbogbo wọn á dákẹ́: kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé ọ́síjìn dé 7 fún ẹlòmíràn. Ẹni tí ewéko rẹ̀ kò tó á máa wá bó ṣe lè fi ooru gbé ìgbóná kọjá òdo kó tó kan ẹni yẹn.

Káàdì 208 ló wà nínú àpótí náà tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ àkànṣe, púpọ̀ nínú wọn sì ní ìgbà tiwọn. Arctic Algae kò ṣeé lò àyàfi tí ìgbóná bá ṣì wà ní −12 tàbí tó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, òkun yòówù tí ẹnikẹ́ni bá tẹ́ á mú ewéko 2 wá fún ẹni tó ni ín. Birds ní tirẹ̀ ń dúró títí ọ́síjìn á fi dé 13, lẹ́yìn náà á máa pa máàkì kan kún máàkì ní ìran kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó mú Birds dání fẹ́ kí ọ́síjìn sáré dé 13, kí òkun tàbí ìgbóná wá falẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí ìran lè ṣẹ́ kù tí ẹyẹ rẹ̀ á fi máa pọ̀ sí i. Ẹni tí TR rẹ̀ ga, tí kò sì ní irú káàdì bẹ́ẹ̀, fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ parí lónìí. Wọn kì í sọ ọ́ jáde, àmọ́ ibi tí kálukú ń ná owó rẹ̀ sí ń tú àṣírí.

Yàtọ̀ sí èyí, máàkì wà fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibì kan, bí ìlú mẹ́ta tàbí TR 35. Owó 8 ni wọ́n ń san láti gba ọ̀kọ̀ọ̀kan, máàkì 5 ni, mẹ́ta péré nínú márùn-ún ló sì ṣeé gbà nínú eré kan. Ẹ̀bùn wà bákan náà tí wọ́n ń ṣírò ní ìparí: ẹni tó ní ìpèsè owó jù, ẹni tó ní ilẹ̀ jù. Ẹni kìíní gba máàkì 5, ìkejì gba 2. Ẹni tó bá kọ́kọ́ san owó sí ẹ̀bùn kan, 8 ló san. Èkejì jẹ́ 14, ẹ̀kẹta jẹ́ 20. Kò pọn dandan kó jẹ́ ẹni tó sanwó ló máa gbà á, bàbá tó sanwó tí àbúrò rẹ̀ sì wá kó máàkì lọ kò ṣọ̀wọ́n.

Fún ìdílé tí ọmọdé wà nínú rẹ̀, òfin fúnra rẹ̀ ti ṣe ètò. Ẹni tuntun lè mú ilé-iṣẹ́ àkọ́bẹ̀rẹ̀, tó fún un ní owó 42 àti káàdì 10 láìsanwó lórí wọn, nígbà tí àwọn àgbà ń lo ilé-iṣẹ́ tó ní àrà tirẹ̀: Helion tó lè ná ooru bí owó, tàbí Ecoline tó ń fi ewéko 7 dípò 8 gbin igbó. Ìdílé tún lè yọ àwọn káàdì àfikún tí wọ́n ń pè ní Corporate Era kúrò. Nígbà náà, ìpèsè gbogbo nǹkan á bẹ̀rẹ̀ láti 1 dípò òdo, eré á sì tètè gbéra. Ibi tí ìjà ti sábà máa ń bẹ́ sílẹ̀ ni káàdì bíi Asteroid, tó ń gbé ìgbóná sókè, tó ń fún ẹni tó lò ó ní títáníọ́mù 2, tó sì tún lè pa ewéko mẹ́ta run lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọmọ tó ti ko ewéko jọ títí ó fi ku ẹyọ kan kó pé mẹ́jọ, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sọ ọ́ di mẹ́rin, kò ní rí ẹ̀rín nínú rẹ̀. Ohun tó dáa ni kí wọ́n fẹnu kò kí wọ́n tó jókòó bóyá irú káàdì bẹ́ẹ̀ á wà. Bó bá wà, kálukú mọ̀ pé ewéko tó bá ti pé mẹ́jọ kò yẹ kó dúró di ìgbà mìíràn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lórí tábìlì ìdílé ni kí ènìyàn máa kọ́ ìpèsè títí ilẹ̀ fi ṣú. Káàdì tó ná owó 15 lápapọ̀, tó ń mú owó 3 wá, ìran márùn-ún ló máa fi dá owó ara rẹ̀ padà. Bó bá ku ìgbésẹ̀ 20 nínú 42, tí gbogbo tábìlì ń ṣe bíi méje ní ìran kan, ìran mẹ́ta ló kù, káàdì yẹn ti pẹ́ jù. Láti ibẹ̀ lọ, máàkì ni kí owó máa rà: igbó, ìlú, òkun, káàdì tí máàkì wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá tètè rí ibi tó yẹ kó yí ọwọ́ padà sábà máa ń borí ẹni tí owó tó ń wọlé fún un pọ̀ jù ú lọ, pàápàá bó bá jẹ́ òun ló ń ti ìgbésẹ̀ ìkẹyìn kí olówó tó rí owó rẹ̀ ná.

Lẹ́yìn ìran ìkẹyìn, wọ́n á ṣe ìpèsè lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹni tí ewéko rẹ̀ bá sì tó á gbin igbó tó bá lè gbìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ́síjìn kò gòkè mọ́, kò sì sí TR níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣírò: TR, ipò tí wọ́n kọ́kọ́ dé, ẹ̀bùn, igbó, ìlú, kí wọ́n tó wá kan káàdì tí kálukú tẹ́ síwájú ara rẹ̀. Káàdì ló máa ń yí ìdájọ́ padà, nítorí pé òun nìkan ni àwọn yòókù kò lè kà láti òdìkejì tábìlì. Bí méjì bá dọ́gba, ẹni tí owó ṣẹ́ kù sí lọ́wọ́ jù ló borí.