Tí wọ́n bá ti yọ ojú yín ní kékeré, ẹ sọ fún dókítà tó fẹ́ gé kókó ọ̀rá yín

Kókó ọ̀rá pọ̀ lára àwọn èèyàn wa ní Ìkòròdú níbí, ó máa ń rọ̀, tẹ́ ẹ bá fìka tì í á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lábẹ́ awọ, kì í sì í sábà dunni. Àwọn kan ní ọ̀rá ẹran táwọn ń jẹ ló lọ kó jọ síbẹ̀, irọ́ ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe nǹkan kan, tí ò bá dí yín lọ́wọ́ ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó bá le, tó jìn sínú, tó ń dàgbà kíákíá àbí tó ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ìyẹn ni kẹ́ ẹ tètè gbé wá.

Àmọ́ irú kan wà tí wọ́n ń pè ní spindle cell lipoma. Ẹ̀yìn ọrùn, èjìká àti òkè ẹ̀yìn ló fẹ́ràn, ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún ló sì sábà máa ń ní in. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan lọ́rùn bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọ̀dọ́, tó ní méjì mẹ́ta lójú àti lọ́rùn, tí ẹyinjú ẹ̀ kan sì jẹ́ àtọwọ́dá, mi ò ní gbé abẹ títí màá fi béèrè ohun tó ṣe ojú yẹn.

"Ayé ló fọ́ ọ, dókítà." Ohun tí mo sábà ń gbọ́ nìyẹn. Ìyá ọkùnrin kan láti Ìgbógbó ló là á fún wa, ó ní ọmọ náà ò tíì pé ọdún méjì tí inú ẹyinjú ẹ̀ ti máa ń tàn funfun báláú tí iná tọ́ọ̀ṣì bá bọ́ sí i, kí wọ́n tó wá yọ ọ́. Retinoblastoma nìyẹn, jẹjẹrẹ ojú ọmọdé.

Jíìnì kan, ìyẹn àṣẹ tá a jogún tó ń darí sẹ́ẹ̀lì ara, tó ń jẹ́ RB1 ló so kókó ọ̀rá àti jẹjẹrẹ ojú yìí pọ̀. Orí krómósóòmù 13, ọ̀kan nínú àwọn okùn tí jíìnì tò sí, ló wà, bíréèkì ni, òun ni kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì máa pín láìdúró. Méjì la ní in, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ọmọ tó bá jogún èyí tó ti bàjẹ́, ẹyọ kan ló kù fún un, tí ìyẹn náà bá lọ bàjẹ́ nínú ojú, jẹjẹrẹ dé, tó bá jẹ́ inú ọ̀rá ni, kókó lásán ló máa hù. Alfred Knudson ló kọ́kọ́ ṣàlàyé ìbàjẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì yìí, ní 1971. Ti bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún yẹn, inú kókó ẹ̀ nìkan ni RB1 ti bàjẹ́, kò jogún ẹ̀, ọmọ ẹ̀ ò sì ní jogún ẹ̀.

Kókó yẹn fúnra ẹ̀ kì í pààyàn o. Àmọ́ ní 1997 àwọn olùwádìí Amẹ́ríkà kan kọ ọ́ síta pé nínú àwọn tó jogún retinoblastoma, àwọn tó ní kókó ọ̀rá ni jẹjẹrẹ mìíràn tún ń mú jù. Jẹjẹrẹ eegun, ti ẹran ara, ti awọ. Torí náà eegun tó bá ń dùn yín lóru tí ò lọ, ẹ má kàn jókòó sílé máa fi òróró pa á. Tí wọ́n bá sì ní kẹ́ ẹ lọ ya CT scan, ẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ojú yẹn, torí ìtànṣán tí kì í ṣe dandan ò dáa fún yín, skáànù bíi ti aboyún àbí MRI lè ṣiṣẹ́ ọ̀hún.

Ẹ jẹ́ kí kókó tí wọ́n gé dé lábù kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò jàre, mo mọ̀ pé owó ẹ̀ máa ń dunni.

Tó bá jẹ́ ojú méjèèjì ni jẹjẹrẹ yẹn mú, àjogúnbá ni, ọmọ kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá bí lè jogún ẹ̀, ìdajì sí ìdajì. Tó bá jẹ́ ojú kan, bíi 15 nínú 100 ló ń jẹ́ àjogúnbá. Èyí ó wù ó jẹ́, kẹ́ ẹ tó sọ ọmọ náà lórúkọ, ẹ ti gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú, tí ọ̀sìbítù tó wà nítòsí ò bá ní ẹ̀rọ ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ̀wé fún yín lọ sí LUTH, ọ̀sìbítù yunifásítì Èkó, ní Ìdí-Àràbà.