Ìkọ́ni àtiléwá: ilé ló yẹ kó wà nínú ọ̀rọ̀ náà

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti rí "ìkọ́ni adáhùn-sáṣà" lóṣù yìí gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ "culturally responsive teaching", ìyẹn kí olùkọ́ máa fi ohun tí ọmọ mọ̀ láti ilé kọ́ ọ, inú sì ń bí mi. Ìgbà wo ni àṣà pe ẹnikẹ́ni tí wọ́n fi ní ká dá a lóhùn? Gẹ̀ẹ́sì ni ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ ń tẹ̀ lé, kò wo iṣẹ́ tí olùkọ́ ń ṣe.

"Ẹ̀kọ́ aláṣà" táwọn mìíràn ń pè é tún burú jù bẹ́ẹ̀, torí ó ń ṣi olùkọ́ lọ́nà: á rò pé ayẹyẹ ni iṣẹ́ náà. Láti 15 oṣù kẹsàn-án sí 15 oṣù kẹwàá ni Amẹ́ríkà fi ń bu ọlá fún àwọn tó wá láti ilẹ̀ elédè Sípáníìṣì. Ilé ẹ̀kọ́ á so àsíá mọ́ ògiri, wọ́n á jó, wọ́n á jẹun, ó parí. Iṣẹ́ tí Geneva Gay àti Gloria Ladson-Billings, àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ méjì ní Amẹ́ríkà, fi síwájú wa jìnnà sí ìyẹn.

Èmi pè é ní ìkọ́ni àtiléwá. Mo wò ó lára àtilẹ̀wá àti àtọ̀húnrìnwá tí a ti ń sọ tipẹ́. Ẹnì kan ní yóò dàrú mọ́ àtilẹ̀wá létí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń ṣí ọmọ ata lọ gbìn síbòmíì, tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ ló ń bù ú. Bó bá gbọn gbòǹgbò rẹ̀ mọ́, kí oòrùn tó mú, ata ti rọ. Ohun tí ọmọ gbọ́ tó sì rí nílé ni erùpẹ̀ ìdí rẹ̀.

Àwọn òbí tó ni ọ̀rọ̀ gan-an, ilé ni wọ́n ń wí. Bí ìyá kan láti Mẹ́síkò bá pe ọmọ rẹ̀ ní bien educado, kì í ṣe ìwé nìkan ló ń sọ. Ọmọ náà ní ẹ̀kọ́ ilé. A ní ọ̀rọ̀ yẹn lódindi, ẹ sì fẹ́ ká fi àṣà rọ́pò rẹ̀! Irú ìyá bẹ́ẹ̀ lè máà bá olùkọ́ jiyàn rárá nítorí ọ̀wọ̀. Olùkọ́ tí kò mọ̀ á ní kò bìkítà fọ́mọ rẹ̀.

Ní Tucson, ní Arizona, Luis Moll, onímọ̀ ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí olùkọ́ máa lọ sílé àwọn ọmọ, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n béèrè ohun tí ilé náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ọdún 1992 ni wọ́n tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde. Olùkọ́ kan rí i pé ọmọ kíláàsì òun ń ta súìtì tó ti Mẹ́síkò wá. Ó sọ súìtì di iṣẹ́ ìwádìí: kí ló wà nínú tọ̀hún, kí ló wà nínú ti Amẹ́ríkà? Ìyá ọmọ kan mọ̀ ọ́n sè. Wọ́n ránṣẹ́ pè é, ó sì dúró níwájú kíláàsì, ó ń kọ́ wọn.