PM2.5: ohun tó wà nínú èéfín igi ìdáná tí ojú kò rí

Ìyá tó ń yan gaàrí mọ ìwà èéfín dáadáa. Ó mọ̀ pé igi tútù ló ń mú un pọ̀, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kí òun sún ìjókòó nítorí afẹ́fẹ́ tó yí padà. Èéfín tó ń ta ojú la máa ń sá fún. Èyí tó burú jù nínú rẹ̀, a kì í rí i, kì í sì í ta ojú. Òun ni wọ́n ń pè ní PM2.5.

Eruku tín-ín-tìn-ín ni, tí ìbú ẹyọ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ kò ju máíkírọ́mítà 2.5 lọ, máíkírọ́mítà 1,000 ló sì wà nínú mìlímítà kan. Irun orí fẹ̀ tó nǹkan bíi 70. Eruku tó tóbi, irun imú á há a mọ́lẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á sì gbé e jáde. PM2.5 kò ní dúró síbẹ̀. Á bá èémí lọ títí dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, èyí tó kéré jù nínú rẹ̀ á sì bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Ó ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí èéfín fi lè di rọpárọsẹ̀ tàbí àìsàn ọkàn lára ẹni tí kì í húkọ́ rárá.

Igi tí kò jó dáadáa ló ń bí i, pẹ̀lú gáàsì carbon monoxide tí kò lóòórùn, tó ń gba ààyè ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Aláboyún tó bẹ̀rẹ̀ tó ń fẹnu fẹ́ná, ọmọ inú rẹ̀ ń pín nínú rẹ̀. Ní Ìbàdàn, àwọn olùwádìí pín aláboyún 324 tó ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fún apá kan ní sítóòfù ẹ́tánọ́ọ̀lù, apá kejì ń lo tiwọn bọ̀. Èsì rẹ̀ jáde ní 2017: ẹ̀jẹ̀ ríru mú 6.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò pààrọ̀, ó mú 1.9 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba sítóòfù.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní èéfín inú ilé pa ènìyàn mílíọ̀nù 3.2 ní 2020. Ó lé ní 237,000 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún nínú wọn.

Àwọn kan á ní ìyá àwọn àgbà fi igi dáná, ó sì dàgbà dàgbà. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìta gbangba ni ààrò ọ̀pọ̀ wọn wà, kì í ṣe kọ̀ọ̀rọ̀ tí kò ní fèrèsé. Àwọn tí òtútù àyà pa ní kékeré kò sì sí láyé láti sọ tiwọn.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ẹni tó ń ru ẹrù yìí. Lójú baálé, igi dínwó ju gáàsì lọ. Kò sẹ́ni tó ka wákàtí tí ọmọbìnrin fi ń ṣẹ́gi kó tó lọ síléèwé, tàbí owó oògùn ikọ́ ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nídìí iná, tàbí àyà aládùúgbò tí èéfín ń wọlé tọ̀ nínú ilé àjùmọ̀gbé. Èmi ò ní bá ìyá tí gáàsì ju agbára rẹ̀ lọ wí. Ìjọba tó bá jẹ́ kí gáàsì wọ́n kọjá ọwọ́ mẹ̀kúnnù ló yẹ ká bi, torí ọ̀rọ̀ ìlera ni.

Ní báyìí ná, igi gbígbẹ dára ju tútù lọ, ìta sì dára ju inú ilé lọ. Ẹ sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn yín, kí ó jìnnà sí ààrò. Èédú ńkọ́? Èéfín rẹ̀ tó ṣeé rí kéré lóòótọ́, àmọ́ carbon monoxide rẹ̀ pọ̀. Bó ti wù kí òtútù mú tó, ẹ má gbé ìkòkò èédú tó ń jó wọ yàrá kí ẹ wá tilẹ̀kùn sùn.