Sẹ́fà ò kúrò níbi tó wà: bí owó ṣe ń rìn fún ẹni tó lọ ra ọjà ní Kútọnù

Ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ kò nílò àlàyé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gba àlàyé ni ìgbà tí náírà bá fẹ́ di sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Kútọnù. Ẹnu àwọn èrò kì í kúrò lórí “sẹ́fà tún ti wọ́n sí i,” bẹ́ẹ̀ sì rèé, sẹ́fà kọ́ ló gbéra. Láti ọdún 1999 tí yúrò ti bẹ̀rẹ̀, sẹ́fà 655.957 ni yúrò 1. Kò lé, kò dín.

Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ òkun ńlá ni sẹ́fà; yúrò ni ọkọ̀ ńlá náà. Ibi tí ọkọ̀ ńlá bá kọrí sí náà ló ń lọ. Náírà ni ọkọ̀ kejì, tí kò ní okùn, tí omi ń gbé kiri. Ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ á máa rò pé èyí tí wọ́n so ló ń sá fún òun. Ìgbà ìkẹyìn tí gígùn okùn yẹn yí padà ni oṣù kìíní ọdún 1994, nígbà tó ṣì jẹ́ pé faransì ilẹ̀ Faransé ni ọkọ̀ ńlá náà. Sẹ́fà 50 ló ń ra faransì 1 tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ó di 100. Kò sẹ́ni tó bi ìyálọ́jà Kútọnù léèrè. Okùn náà dùn ún ṣírò lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kékeré kọ́ ni ìdí rẹ̀ wà.

Àlejò lè jàǹfààní okùn yìí. Nítorí pé sẹ́fà 1,000 kì í yẹ̀ kúrò ní yúrò 1.5245, kí ó béèrè iye náírà tí wọ́n ń ta yúrò 1 lójú ọjà láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ó sì fi 1.5245 sọ ọ́ di púpọ̀. Ká ní yúrò wà ní ₦1,600, sẹ́fà 1,000 yẹ kó jẹ́ ₦2,439. Bí ẹni tó ń pààrọ̀ owó bá pè é ní ₦2,500, èrè tirẹ̀ jẹ́ bíi ₦61, ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn kò burú, iṣẹ́ ló ń ṣe. Bó bá pè é ní ₦2,700, èrè náà ti lé ní ìdá mẹ́wàá. Kí èèyàn kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Àwọn mìíràn á dorí ìṣirò kodò: iye sẹ́fà tí náírà 1,000 máa mú wá ni wọ́n á dá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kó sí i. Ẹni tó dá 390 dípò 400 dà bí ẹni tó yọ sẹ́fà 10 péré, ṣùgbọ́n lórí ₦250,000, sẹ́fà 2,500 ló ti yọ. Iye tí wọ́n fi ń tà kọ́ sì ni wọ́n á fi rà á padà. Bí wọ́n bá ta sẹ́fà 1,000 ní ₦2,500, tí wọ́n sì ń rà á ní ₦2,380, ẹni tó kó sẹ́fà 40,000 padà dé ti fi ₦4,800 sílẹ̀ lásán. Ìdí nìyí tó fi sàn kí a pààrọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tó bá ti London wá, kí ó má gbàgbé pé pọ́n-ùn kò ní okùn kankan mọ́ sẹ́fà. Yúrò nìkan ló ní in. Ẹni tó bá mú owó bébà yúrò dání ti mọ iye rẹ̀ kí ó tó débẹ̀: bí wọ́n bá fún un ní 650, ó mọ̀ pé bíi sẹ́fà 6 ni wọ́n mú lórí yúrò kọ̀ọ̀kan.

Kí èèyàn yẹ owó náà wò kí ó tó kúrò níbẹ̀. Sẹ́fà méjì ló wà, iye kan náà ni wọ́n sì so méjèèjì mọ́ yúrò: ọ̀kan ti Dakar, tí orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ń ná, èkejì ti Yaoundé, tí Kamẹrúùnù àti Gabon wà lára àwọn tó ń ná an. Àwọn ọlọ́jà Kútọnù kì í gba ti Yaoundé, nítorí báńkì àgbà mìíràn ló tẹ̀ ẹ́. Ẹja tí imú rẹ̀ ní eyín bí ayùn ni àmì ti Dakar. Lẹ́tà kan tún wà lára nọ́ńbà owó bébà náà: B ni ti Bẹ̀nẹ̀, T ni ti Tógò, K ni ti Sẹ̀nẹ̀gà. Kò sí wàhálà nínú ìyẹn. Gbogbo wọn ni wọ́n ń ná ní Kútọnù. Èyí tó ya ni kí a dá padà lójú ẹsẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kò ní gbà á.

Ṣéńjì ni ìyọnu tó kù. Bébà 10,000 ló tóbi jù, òun náà ló sì máa ń wà lókè ìdì owó. Ọlọ́kadà zémidjan tó gbé èrò ní sẹ́fà 500 kò ní ṣéńjì rẹ̀, ìyá tó ń ta ata náà kò ní. Bébà 1,000 àti 2,000 ni kí a béèrè látìbẹ̀rẹ̀. Bí ti 10,000 bá ti wọlé, ilé epo tàbí ilé ìtajà ńlá ni kí a ti ṣẹ́ ẹ, ká tó bọ́ sínú ọjà. Sẹ́fà 500 wà ní bébà àti ní kọ́ìnì, kò sí ìyàtọ̀. Kọ́ìnì ni kí a kọ́kọ́ ná tán kí a tó padà sí Sẹ̀mẹ̀, torí àwọn tó ń pààrọ̀ owó kì í fẹ́ gbà á. Ẹni tó bá ń lọ sí Lómé kò ní ìṣòro yẹn, owó kan náà ni wọ́n ń ná níbẹ̀.