Ọmọ tí wọ́n ń nà torí irọ́, kí ló dé tó tún ń mọ irọ́ pa sí i?

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Èbúté Mẹ́ta ni mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Tá a bá jáde lọ́sàn-án, táwọn òbí dúró lẹ́nu géètì láti mú ọmọ wọn, ìbéèrè ìṣirò kọ́ ni wọ́n máa ń bi mí. Ti irọ́ ló pọ̀ jù. Mo kó díẹ̀ jọ síbí.

Àǹtí, àbúrò ọmọ mi ò tíì pé ọdún mẹ́rin, irọ́ ti wà lẹ́nu ẹ̀. Ta ló kọ́ ọ?

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Láti nǹkan bí ọdún méjì sí mẹ́ta ni ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ tó lè purọ́, ó ní láti kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun tó wà nínú òun, ìyá òun ò rí i. Ọpọlọ ló ń jí yẹn, ẹ má tíì gbé e lọ fún àdúrà. Ọmọ ọdún mẹ́fà, méje ni kẹ́ ẹ fojú sí, torí òun ti mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irọ́: á rántí èyí tó pa lánàá, á sì mú tòní bá a mu.

Mo máa ń nà án dáadáa. Kí ló dé tí ò jáwọ́?

Bó ṣe máa ṣe é tí ọwọ́ yín ò fi ní tẹ̀ ẹ́ ni ẹgba ń kọ́ ọ. Lọ́dún 2011, Victoria Talwar àti Kang Lee, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Kánádà, gbé ìwádìí kan jáde, àwọn ilé ìwé méjì ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà níbí ni wọ́n sì ti ṣe é. Ní ọ̀kan, ẹgba àti ìfọ́tí ni wọ́n fi ń bá ọmọ wí. Ní èkejì, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Wọ́n ní kí ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọ̀yìn sí ohun ìṣeré kan, kó fi ohùn rẹ̀ dá a mọ̀, kó má wẹ̀yìn. Ẹni tó ń bójú tó o bá bọ́ síta díẹ̀. Wọn ò lè ṣe kí wọ́n má wẹ̀yìn, ọmọdé náà ni wọ́n! Àmọ́ nígbà tí wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n wò ó, àwọn tí wọ́n ń nà ló purọ́ jù. Tí wọ́n bá tún ní kí wọ́n dárúkọ nǹkan tó wà lẹ́yìn, àwọn náà ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe bí ẹni tí ò rí i.

Èmi náà ti rí i. Ọmọkùnrin kan ní kíláàsì kẹta jẹ ìrẹsì ẹlòmíì. Nígbà tó dé iwájú mi, epo ọbẹ̀ ṣì wà létí kọ́là ẹ̀, hóró ìrẹsì kan sì lẹ̀ mọ́ bọ́tìnì. Ó ní, "Àǹtí, èmi kọ́." Mo nawọ́ sí pàṣán. Ojú ẹ̀ bá kúrò lára mi, pàṣán ló ń wò. Mo wá rí i pé ìṣirò ni ọmọ yìí ń ṣe, ọmọ tí ìṣirò ń fún níyọnu lójoojúmọ́: òótọ́, ẹgba mẹ́fà, irọ́, bóyá ẹgba kankan ò ní sí. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ta ló fowó lé e?

Kí wá ni kí n ṣe tí mo bá ká a mọ́ ọn?

Ẹ má bi í ní ohun tẹ́ ẹ ti mọ̀. "Ta ló jẹ ẹran?" nígbà tí ọbẹ̀ wà létè ẹ̀, pàkúté lẹ dẹ yẹn. Ọjọ́ yẹn, mo dá pàṣán padà sínú dúrọ́ọ̀, mo ní, "Ebi ń pa ẹni tó ni oúnjẹ. Báwo la ṣe máa ṣe é?" Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá kọwọ́ bọ àpò, ó ní òun ní náírà igba, òun lè fi ra pọfupọ́ọ̀fù fún un. Kò sọ pé "èmi ni" o. Owó yẹn ló bá a sọ ọ́. Ọjọ́ kejì ló tó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, ẹ má fò ó dá. Ohun mìíràn tí àwọn olùwádìí ti dán wò tó ń ṣiṣẹ́: kẹ́ ẹ tó bi í, ẹ ní kó ṣèlérí pé òótọ́ lòun máa sọ. Ọmọ tó bá ti ṣèlérí, irọ́ ẹ̀ máa ń dín kù.

Àlọ́ Ìjàpá ńkọ́? Ṣebí òun ni wọ́n fi kọ́ wa?

Lọ́dún 2014, Talwar àti Lee àtàwọn mìíràn ka ìtàn fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí méje. Ti ọmọ tó ń pariwo ìkookò lásán àti ti ọmọ onígi tí imú ẹ̀ ń gùn tó bá purọ́, wọn ò yí nǹkan kan padà. Èyí tó ṣiṣẹ́ ni ti George Washington, ààrẹ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, tó gé igi bàbá ẹ̀ ní kékeré, tó jẹ́wọ́, tí inú bàbá sì dùn sí òótọ́ náà. Nígbà tí wọ́n yí ìparí ẹ̀ padà sí ìjìyà, òun náà ò ṣiṣẹ́ mọ́. (Ẹ sì wá gbọ́ o: ọdún 1806 ni ìtàn igi yẹn jáde nínú ìwé, Washington ti kú láti 1799, àwọn òpìtàn sì gbà pé àhesọ ni.)

Èmi ò ní ká ju Ìjàpá nù. Ṣùgbọ́n tí mo bá pa ti àsèjẹ Yánníbo tó jẹ tí ikùn ẹ̀ fi wú, ẹ̀rín ni kíláàsì máa ń bú sí, kò sẹ́ni tó rí ara ẹ̀ níbẹ̀. Mo wá ń bi wọ́n pé: ká ní ó sáré jẹ́wọ́ kí ikùn tó wú, kí ni Yánníbo ìbá ṣe? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ mi ń wá sọ ohun tí àwọn yòókù ṣe. Ṣé òótọ́ ni àbí òfófó?

Mo máa ń bi í: ṣé kí wọ́n lè nà án lo ṣe sọ ọ́, àbí kí ẹnì kan lè rí ìrànlọ́wọ́? Wọ́n mọ̀ ọ́n yàtọ̀, ó máa ń yà mí lẹ́nu. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú orúkọ yẹn, "olófòófó". Àgbàlagbà tó fọwọ́ kan ọmọ níbi tí kò yẹ máa ń sọ fún un pé kó má sọ fẹ́nì kankan, ọmọ tẹ́ ẹ sì ti pè ní olófòófó lánàá ló ń gbọ́ ọ.

Mo máa ń ní kó sọ fún ẹni tó wá pé mi ò sí nílé. Ṣé ìyẹn náà wà lára irọ́?

Ó wà níbẹ̀ dáadáa. Mo wọ dánfó kan ní Fádèyí. Ìyá kan gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, kọ́ńdọ́ ní kó sanwó ọmọ, torí ẹsẹ̀ ọmọ ti ń gbá ìjókòó iwájú. Ìyá ní, "Ọmọ ọdún mẹ́ta lẹ ń gbowó lọ́wọ́ ẹ̀?" Ọmọ náà, tòun ti aṣọ ilé ìwé lọ́rùn, yíjú sí ìyá ẹ̀: "Mọ́mì, mo ti pé ọdún méje." Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyá fi ìgbúnwọ́ gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ náà ò tún lanu mọ́ títí a fi dé Ọ̀yìngbò.