Kí ẹ tó ra àpò kíbọ́ọ̀dù fún tábúlẹ́ẹ̀tì yín

Kí ẹ tó jáde nílé lọ sọ́jà, ẹ yí tábúlẹ́ẹ̀tì yín dojú délẹ̀, kí ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sínú ìwé. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wá bá mi. Iṣẹ́ àtúnṣe fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì ni mò ń ṣe níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), nínú gbogbo owó tí mo sì ń rí tí àwọn ènìyàn ń ná dànù, ti àpò kíbọ́ọ̀dù (àpò tábúlẹ́ẹ̀tì tó ní kíbọ́ọ̀dù nínú) tí kò bá ẹ̀rọ mu ló ń dùn mí jù. Àwọn tó ń bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe olówó. Olùkọ́ ni wọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ mémoire (ìwé ìwádìí àṣekágbá), akọ̀wé ìjọ, ẹni tó ń kọ ìwé ìpàdé fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

Bí ọlọ́jà bá ní "ínṣì mẹ́wàá ni", ọ̀rọ̀ kò tíì tó. iPad ìran 7, ìran 8 àti ìran 9, tó jáde ní 2019, 2020 àti 2021, ínṣì 10.2 ni ojú gbogbo wọn, ara wọn sì dọ́gba, àpò kan náà ń bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu. Ìran 10 tó dé ní 2022 ti fẹ̀ sí ínṣì 10.9, ihò iná rẹ̀ ti di USB-C, bọ́tìnì róbótó tó wà nísàlẹ̀ ojú rẹ̀ sì ti lọ. iPad Air ìran 4 àti 5 náà jẹ́ 10.9, síbẹ̀ wọ́n fẹ́lẹ́ ju ìran 10 lọ, nítorí náà ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Lọ́dọ̀ Samsung, Galaxy Tab A8 jẹ́ ínṣì 10.5, Tab A9+ jẹ́ 11. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀rọ kì í parọ́: A2602 ni ẹ máa rí lẹ́yìn iPad ìran 9 tó ń lo Wi-Fi nìkan, SM-X200 lẹ́yìn Tab A8, SM-X210 lẹ́yìn Tab A9+, tí àwọn náà ń lo Wi-Fi nìkan. Bí ó bá ti pa rẹ́, ẹ wọ Réglages (Settings) lórí iPad, ẹ lọ sí Général, lẹ́yìn náà Informations. Ẹ tẹ nọ́ńbà tí ẹ bá rí níwájú "Numéro de modèle", èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A á sì yọjú. Lórí Samsung, ìsàlẹ̀ pátápátá nínú Paramètres ló wà, níbi tí wọ́n kọ "À propos de la tablette" sí.

Bí àpò bá tóbi ju ẹ̀rọ lọ, ẹ̀rọ á máa mì nínú rẹ̀, ọjọ́ tó bá sì já bọ́, igun rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fọ́. Bí ó bá fún, etí àpò á máa tẹ bọ́tìnì tí a fi ń tan ẹ̀rọ, tábúlẹ́ẹ̀tì á máa kú, á máa tàn, ẹni tó ni ín á sì rò pé bátìrì ló bàjẹ́. Ohun kan tún wà tí ojú kì í rí, òun ni òòfà. Inú ọ̀pọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì ni nǹkan kékeré kan wà tó ń mọ̀ bí òòfà bá sún mọ́ ọn. Òun ló ń mú kí ojú ẹ̀rọ kú nígbà tí ẹ bá pa àpò dé. Bí òòfà inú àpò kò bá sí níbi tó yẹ, ojú ẹ̀rọ lè kú níbi tí ẹ ti ń kọ̀wé lọ́wọ́, tàbí nígbà tí ẹ bá ká kíbọ́ọ̀dù sẹ́yìn láti kàwé. Wọ́n ti gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá bá mi pé kí n tú u. Mo yọ àpò kúrò, àìsàn tán. Nítorí òòfà yìí kan náà, ẹ má ti káàdì tó ní ìlà dúdú lẹ́yìn bọ inú àpò náà.

Ọ̀rọ̀ tó gba àlàyé jù lágbègbè wa ni ti ètò lẹ́tà, ìyẹn bí wọ́n ṣe to lẹ́tà sórí kíbọ́ọ̀dù. Ẹnu ibodè ni a wà. Ọjà tó bá gba Ìgòlò wọlé láti Nàìjíríà, QWERTY ló sábà máa ń jẹ́, torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún. Èyí tó bá wá láti ilẹ̀ Faransé, AZERTY ni, èyí tí ọwọ́ wa mọ̀. Lórí AZERTY, A àti Q gba ipò ara wọn, Z àti W náà ṣe bẹ́ẹ̀, M kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ N ó lọ jókòó ti L, ẹ sì gbọ́dọ̀ di Maj (Shift) mú kí ẹ tó rí nọ́ńbà kọ. Ẹni tó bá ti kọ́ iṣẹ́ akọ̀wé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, tó wá rí Q níbi tó ti ń retí A, á dá kíbọ́ọ̀dù náà padà sórí tábìlì lójú ẹsẹ̀, á lọ ra èyí tó wọ́n jù ú lọ.

Ó lè má pọn dandan rárá. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì kan, kíbọ́ọ̀dù kì í fi lẹ́tà tí wọ́n yà sórí rẹ̀ ránṣẹ́. Nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí ipò bọ́tìnì yẹn ló ń rán lọ, tábúlẹ́ẹ̀tì ló sì ń pinnu lẹ́tà tó máa kọ, gẹ́gẹ́ bí ètò tí ẹ ti yàn sínú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá so kíbọ́ọ̀dù QWERTY mọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì, tí ẹ sì yan Faransé fún un, bọ́tìnì tí wọ́n kọ Q sí á máa kọ A fún yín. Lórí iPad, Réglages, Général, Clavier, lẹ́yìn náà Clavier matériel ni ọ̀nà rẹ̀. Ojú ewé tó kẹ́yìn yẹn kì í yọ àfi tí kíbọ́ọ̀dù bá ti so mọ́ ọn, nítorí náà ẹ so ó ná kí ẹ tó wá a. Lórí Samsung, ẹ wọ Gestion globale, ẹ wá Clavier physique. Lórí Android yòókù, abẹ́ ibi tí wọ́n ti ń yan èdè ló sábà máa ń wà. Àwọn kan ti sọ fún mi pé kíbọ́ọ̀dù wọn "ń kọ ìkọkúkọ", tó jẹ́ pé ètò yìí nìkan ni wọn kò tíì fọwọ́ kàn.

Ibi kan wà tí ó ti ń já kulẹ̀ ṣá. AZERTY ilẹ̀ Faransé ní bọ́tìnì kan láàárín Maj apá òsì àti W, òun ló ń kọ < àti >. Kíbọ́ọ̀dù QWERTY ti Amẹ́ríkà kò ní bọ́tìnì yẹn. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà àti ìwàásù lè má mọ̀ láé pé nǹkan kan sọnù; ọmọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ prógráàmù á mọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ wo ọwọ́ ara yín. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń wo bọ́tìnì kí ó tó tẹ̀ ẹ́, ẹ fi owó kún owó, ẹ ra AZERTY. Bí ìka yín bá ti mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí QWERTY tó dára, tó bá ẹ̀rọ yín mu, bọ́ lọ́wọ́ yín nítorí àmì orí bọ́tìnì. Lẹ́tà onílẹ̀mọ́ tí wọ́n ń tà láti lẹ̀ mọ́ ọn lórí lè ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ooru tiwa àti òógùn ọwọ́ máa ń ká a létí.

Yorùbá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, torí mo ń rí àwọn olùkọ́ tó ń kọ èdè wa láìfi àmì kankan sí i, tí wọ́n á ní ẹ̀rọ ni kò jẹ́. AZERTY fún wa ní é àti è lọ́fẹ̀ẹ́, lórí 2 àti 7. Kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Kò sì ní ɛ àti ɔ tí a fi ń kọ Yorùbá nínú álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, èyí tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1975. QWERTY náà kò sàn jù ú lọ. Kò sí àpò tí ẹ máa rà lọ́jà tí wọ́n ti tẹ lẹ́tà wọ̀nyí sórí rẹ̀ fún yín, nítorí náà ojú ẹ̀rọ ni ẹ ó ti mú wọn. Ẹ fi Gboard, kíbọ́ọ̀dù ojú ẹ̀rọ ti Google, sórí Android yín, ẹ fi Yorùbá kún èdè inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, nínú Clavier physique tí mo dárúkọ lókè, ẹ tan ohun tó ń jẹ́ kí kíbọ́ọ̀dù ojú ẹ̀rọ dúró síbẹ̀ bí èyí tí ẹ fọwọ́ tẹ̀ bá tilẹ̀ ti so pọ̀. Ẹ ó máa fi ọwọ́ kọ ara ọ̀rọ̀ lórí bọ́tìnì, ẹ ó sì máa mú lẹ́tà alámì lójú gíláàsì. Lórí iPad, ohun kan tó ń jẹ́ Remplacement de texte wà ní abẹ́ Clavier. Ẹ fi àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ síbẹ̀: ẹ sọ fún un pé bí ẹ bá kọ "ajase", kí ó kọ "Àjàṣẹ́". Akọ̀wé ìjọ kan tí mo fi èyí hàn ti fi orúkọ gbogbo àwọn àgbà ìjọ rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú àmì pípé.

Ohun tí èyí fà ni pé ẹni tó bá ń kọ Yorùbá á máa fọwọ́ kan ojú tábúlẹ́ẹ̀tì léraléra, bí tábúlẹ́ẹ̀tì ṣe dúró sí sì wá ṣe pàtàkì fún un ju fún ẹlòmíràn lọ. Ọ̀pọ̀ àpò tó fúyẹ́ ni tábúlẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ wúwo ju kíbọ́ọ̀dù lọ: iPad ìran 9 nìkan jẹ́ gíráàmù 487. Ẹ fi ìka kan ti òkè gíláàsì níwájú ọlọ́jà. Bí ó bá dojú sókè, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn náà ẹ jókòó, ẹ gbé e lé itan. Àpò tó ń fi ẹsẹ̀ kékeré tì lẹ́yìn dára lórí tábìlì, ṣùgbọ́n lórí itan, ẹsẹ̀ yẹn kò rí ilẹ̀ tẹ̀. Èyí tó ń ṣí bí ìwé, tí ibi tó ti ń ká sì le dáadáa, ló yẹ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jókòó síbi tí kò ti sí tábìlì. Ó wúwo, mo mọ̀. Bí ẹ bá ń gun zémidjan (ọ̀kadà) lójoojúmọ́ pẹ̀lú rẹ̀ nínú báàgì, ẹ gbé e wò ná kí ẹ tó sanwó.

Ẹ mú rúlà dání lọ sọ́jà. Kí àwọn ọlọ́jà rẹ́rìn-ín. Lórí kíbọ́ọ̀dù tó tóbi dáadáa, àárín bọ́tìnì kan sí àárín èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 19. Ìlà lẹ́tà tó wà lókè jù ní lẹ́tà 10, láti A dé P lórí AZERTY, láti Q dé P lórí QWERTY. Ẹ wọn ín láti àárín èyí àkọ́kọ́ dé àárín P, á tó sẹ̀ǹtímítà 17. Bí ó bá jẹ́ 16 tàbí 15 ó ṣì ṣe é fi kọ ìwé gígùn, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n láìpẹ́. Bó bá ti wálẹ̀ ju 14 lọ, ìka méjì á máa bọ́ sórí bọ́tìnì kan, èmi kò sì ní gbà kí ẹni tó ń kọ mémoire rà á, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Ti ìsopọ̀ kò pẹ́ sọ. Èyí tó ń lo Bluetooth ní bátìrì tirẹ̀, ẹ ó sì máa fún un ní iná. Èyí tó ń fara kan àwọn àmì irin kéékèèké lára tábúlẹ́ẹ̀tì ń gba iná láti ibẹ̀, kò nílò ìsopọ̀ kankan, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ẹ̀rọ tó ní àmì irin yẹn nìkan ló sì ń bá mu. Èyí tó ní wáyà tó ń wọ ihò iná ni kí ẹ sá fún, torí ihò náà ni wáyà yẹn ń fà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí àpò, mo sì ń tún irú ihò bẹ́ẹ̀ ṣe ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ti Bluetooth bá ń so pọ̀ ṣùgbọ́n tí bọ́tìnì ohùn àti ti ìmọ́lẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ẹ wá inú ìwé kékeré tó bá a wá: ọ̀pọ̀ wọn ní Fn pẹ̀lú lẹ́tà kan fún Android, Fn pẹ̀lú òmíràn fún iPad. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ láìní iná fún oṣù púpọ̀ nígbà ìsinmi. Bátìrì lithium tó bá gbẹ pátápátá tó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀ lè má jí mọ́.

Nítorí bátìrì yìí ni mo ṣe fẹ́ràn àpò tí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣeé yọ. Lọ́jọ́ tí kíbọ́ọ̀dù bá kú, àpò ṣì wà láti dáàbò bo ẹ̀rọ. Ẹ̀yin tó wà ní Kétu, tí eruku pupa ọ̀nà yín ń wọ inú gbogbo nǹkan, pàápàá nígbà ọyẹ́, ẹ ó tún lè yọ ọ́, kí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ gbọ̀n ọ́n láìyọ tábúlẹ́ẹ̀tì kúrò nínú àpò rẹ̀.

Ẹ̀yin tí tábúlẹ́ẹ̀tì yín jẹ́ ínṣì 7 tàbí 8, ẹ má ra àpò kíbọ́ọ̀dù rárá. Ara ẹ̀rọ kò fẹ̀ tó láti gba bọ́tìnì tí ọwọ́ àgbàlagbà lè lò. Ẹ ra kíbọ́ọ̀dù Bluetooth tó tóbi, tó dá dúró, kí ẹ ra ohun tí a fi ń gbé tábúlẹ́ẹ̀tì dúró lọ́tọ̀. Bí ẹ bá wá pààrọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́la, kíbọ́ọ̀dù náà á tẹ̀ lé yín lọ síbẹ̀.